Ọ̀rọ̀ Oyún Ṣíṣẹ́: Ìdí Tí Ẹlẹ́sìn àti Aláìlẹ́sìn Kò Fi Pín sí Ẹ̀gbẹ́ Méjì Péré

Lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ní Abẹ́òkúta, ẹ lè bá ìyá àgbà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń kí Jímọ́ọ̀ ní Kóbítì, ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó ṣì ń bọ Ògún, àti ọmọ-ọmọ kan ní FUNAAB tó ní òun kò ṣe ẹ̀sìn kankan mọ́. Ẹran iléyá kì í dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, ìrẹsì kérésì kì í dá a sílẹ̀. Ẹ wá mú ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ wá. Ká tó wí ká tó fọ̀, ẹnì kan á ti pariwo pé ìpànìyàn ni, ẹnì kejì á béèrè pé ta ló fẹ́ bá a tọ́ ọmọ náà, ẹnì kẹta á ní kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ kí ará ilé kejì má baà gbọ́.

Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe fún irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò gùn: ẹlẹ́sìn kọ̀ ọ́, aláìlẹ́sìn fọwọ́ sí i. Ó rọrùn láti rántí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kan wà tí àyè tí wọ́n fún aboyún pọ̀ ju èyí tí òfin Nàìjíríà fún un lọ. Àwọn ìjọba kan ti wà tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá, síbẹ̀ tí wọ́n ń fi ọlọ́pàá ṣọ́ ilé ọmọ obìnrin. Òfin tí ọ̀pọ̀ wa rò pé Bíbélì tàbí àṣà Yorùbá ló bí i, ilé aṣòfin London ló ti wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti òfin, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ra wọn jù. Nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, abala 228 ní ẹni tó bá fún obìnrin lóògùn tàbí tó lo irinṣẹ́ sí i lára láti ṣẹ́ oyún rẹ̀ láìbá òfin mu lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14. Abala 229 ní obìnrin náà fúnra rẹ̀ lè lọ fún ọdún 7. Abala 230 mú ẹni tó pèsè ohun tí wọ́n fi ṣe é, bó bá mọ ohun tí wọ́n fẹ́ lò ó fún: ọdún 3. Ìdí nìyẹn tí oníkẹ́mìsì tàbí ìyá eléwé ọmọ fi máa ń wojú ẹni dáadáa bí ẹni náà bá ní nǹkan oṣù òun dá dúró. Ẹ tún wo èyí: abala 228 kò bìkítà bóyá oyún wà nínú obìnrin náà tàbí kò sí. Ohun tí ẹni tó fún un lóògùn gbèrò ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́.

Abala 297 ló yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fi òótọ́ inú àti ìmọ̀ iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sára ọmọ inú kí ìyá má baà kú kò jẹ̀bi, bí iṣẹ́ abẹ náà bá bọ́gbọ́n mu nígbà tí wọ́n ṣe é. Ìyẹn nìkan ni. Ìfipábánilòpọ̀ kò sí níbẹ̀. Oyún tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n fún ọmọ ilé kò sí níbẹ̀. Ọmọ tí àyẹ̀wò fi hàn pé kò ní lè yè lẹ́yìn ìbí kò sí níbẹ̀.

Nígbà náà, kí ló dé tí àwọn kan fi ń fi gbogbo ẹnu sọ pé òfin gbà á fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò? Àdéhùn Maputo ni wọ́n ń tọ́ka sí, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní 2003 lórí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, tí Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà ní 2004. Abala 14 rẹ̀ dárúkọ ìfipábánilòpọ̀, ìbálòpọ̀ láàárín ìbátan, àti oyún tó fẹ́ ba ara tàbí ọpọlọ ìyá jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 12, sọ pé àdéhùn tí a bá ìlú mìíràn ṣe kì í lágbára òfin níhìn-ín àfi bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Wọn ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Maputo. Torí náà ẹni tó ní òfin gbà á àti ẹni tó ní òfin ò gbà á, ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà.

Abala kan tún wà tí mi ò rí kí wọ́n máa kà lórí àga ìwàásù. Abala 307 ní ìgbà tí ọmọ bá ti jáde tán láàyè kúrò lára ìyá rẹ̀ ló di ènìyàn tí a lè pa, wọn ì báà má tíì gé okùn ìwọ́ rẹ̀. Lójú òfin wa, oyún ṣíṣẹ́ jẹ́ ọ̀ràn ńlá tó ní ẹ̀wọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpànìyàn. Pípa ọmọ nígbà tí ìyá ń rọbí gan-an ní abala tirẹ̀, 328, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni. Ẹni tó bá pe obìnrin tó ṣẹ́yún ní apànìyàn lè máa sọ ohun tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kọ́ ọ. Ohun tí ìwé òfin wí kọ́ nìyẹn.

Àwọn baba ńlá Ẹ̀gbá kò jókòó kọ abala kankan nínú wọn. Ìjọba amúnisìn ló fi ìwé òfin ọ̀daràn náà lélẹ̀ fún Nàìjíríà ní 1916, ohun tó sọ lórí oyún sì tọ ipasẹ̀ òfin tí wọ́n ṣe ní England ní 1861, nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì ń dá ìjọba ara wọn ṣe, tí wọn kò sin òyìnbó kankan. Ní England pàápàá, kò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Kó tó di 1803, ìgbà tí ọlẹ̀ bá ti sọ nínú ìyá ni òfin wọn àtijọ́ ń ka ṣíṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀ràn tó wúwo. Òfin 1803 ló fa ti oyún tí ọlẹ̀ rẹ̀ kò tíì sọ wọ inú ọ̀ràn, pẹ̀lú ìjìyà tó fúyẹ́ díẹ̀. Ní 1837, wọ́n pa ìyàtọ̀ náà rẹ́.

Ní 1938, dókítà kan ní London tó ń jẹ́ Aleck Bourne ṣẹ́ oyún ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 14 kan tí àwọn ọmọ ogun fipá bá lò, ó sì jẹ́ kí ọlọ́pàá mọ̀, kí kóòtù lè sọ tẹnu rẹ̀. Adájọ́ ní bí dókítà bá rí i pé oyún náà yóò ba ara tàbí ọpọlọ obìnrin náà jẹ́ pátápátá, a lè kà á sí ẹni tó ṣiṣẹ́ láti gba ẹ̀mí là. Wọ́n dá a sílẹ̀. Títí dòní, àwọn lọ́yà Nàìjíríà ṣì ń dárúkọ ẹjọ́ yẹn láti fi sọ pé "gba ẹ̀mí ìyá là" fẹ̀ ju kí ẹnì kan máa kú lọ lójú ẹni. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún un ni pé nígbà tí Bourne dàgbà, tí England fẹ́ tú òfin náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti tako oyún ṣíṣẹ́. Ọkùnrin kan náà ni o. Ó rí ọmọ ọdún 14 tó yẹ kí wọ́n gbà sílẹ̀, kò sì fẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bó ti wù kó rí, England tú òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Ẹni tó dá aṣọ náà fún wa ti pààrọ̀ tirẹ̀, àwa ṣì wọ èyí tó dá.

Bí ẹ bá sì rò pé ẹ̀sìn àwọn ará ìlú ni kò jẹ́ kí òfin wa yí padà, ẹ gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ lọ sí ẹnu ibodè. Òdìkejì rẹ̀ ni Kétu, Yorùbá bí tiwa, pẹ̀lú Àgùdà, Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe bí tiwa. Ní oṣù kẹwàá 2021, ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè Benin fọwọ́ sí i pé obìnrin lè béèrè kí wọ́n bá òun ṣẹ́ oyún kó tó pé ọ̀sẹ̀ 12, bí oyún náà bá máa kó ìnira bá ìgbé ayé rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ tàbí iyì rẹ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà ibẹ̀ lòdì sí i gidigidi, ó sì kọjá síbẹ̀. Láàárín ọmọ ìyá méjì tí ibodè pín níyà, ohun tó jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 7 fún ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn fún èkejì.

Ó yá, ẹ̀sìn. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà ló ṣe kedere jù. Àwọn ló dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò ní 1895, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Róòmù nìkan fún ará Abẹ́òkúta. Wọ́n ní láti ìgbà tí oyún bá ti dúró ni ẹ̀tọ́ ọmọ sí ìyè ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìdí kankan, ìfipábánilòpọ̀ pàápàá, tó lè sọ pípa á di ohun rere. Àwọn tí kò mọ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa wá rò pé Àgùdà ní kí ìyá máa kú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí oyún bá dúró síta ilé ọmọ, nínú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, tó sì fẹ́ bẹ́ kó pa ìyá, ọ̀pọ̀ onímọ̀ wọn gbà kí oníṣẹ́ abẹ gé ọ̀nà tó ti bàjẹ́ náà kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oyún á bá a lọ. Bákan náà ni ilé ọmọ tí jẹjẹrẹ ti jẹ. Àlàyé wọn ni pé àrùn ni dókítà ń mú kúrò. Ó mọ̀ pé ọlẹ̀ máa kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ọlẹ̀ ló wá. Bí wọ́n bá fa ọlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ yọ kí ara ìyá lè yá, ìyẹn ni wọ́n kọ̀. Ẹni tí kì í ṣe Àgùdà lè sọ pé ìyàtọ̀ náà tín-ín-rín jù. Àmọ́ orí rẹ̀ ni gbogbo ètò wọn dúró lé.

Ẹ̀kọ́ yẹn náà ní ìtàn. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Thomas Aquinas, àgbà onímọ̀ Ìjọ náà, tẹ̀lé Aristotle, amòye Gíríìkì àtijọ́, pé ọkàn ènìyàn kì í wọ inú ọlẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ṣíṣẹ́ oyún jẹ́ nígbà gbogbo lójú Ìjọ, ṣùgbọ́n ìjìyà fún oyún kékeré àti ti oyún tó ti dàgbà kò fìgbà gbogbo dọ́gba. Póòpù Pius Kẹsàn-án ló mú ìyàtọ̀ náà kúrò nínú òfin ìjìyà wọn ní 1869. Láìpẹ́ yìí, ní 2016, Póòpù Francis fún gbogbo Fadá láṣẹ láti dárí ẹ̀ṣẹ̀ yìí ji ẹni tó bá jẹ́wọ́. Àwọn kan gbọ́ ọ bí ẹni pé Ìjọ ti gbà á. Rárá o. Ọ̀nà ìpadàbọ̀ ló mú rọrùn, ẹ̀kọ́ kò yí padà.

Láàárín àwọn Kristẹni yòókù, ohùn kò ṣọ̀kan tó bẹ́ẹ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkàn káàkiri ayé pàdé ní Lambeth ní 1958, wọ́n lòdì sí oyún ṣíṣẹ́ pátápátá, àfi ibi tí ìṣègùn bá ti sọ ọ́ di dandan tí kò ṣe é jà níyàn. Ti Onítẹ̀bọmi ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù. Southern Baptist ti Amẹ́ríkà ló rán T. J. Bowen, ẹni tó dé Abẹ́òkúta ní 1850 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ní ilẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ yẹn kan náà fọwọ́ sí ìpinnu kan ní 1971 pé kí àwọn ọmọ ìjọ ṣiṣẹ́ fún òfin tí yóò gba oyún ṣíṣẹ́ láyè nítorí ìfipábánilòpọ̀, ìbálòpọ̀ ìbátan, ọmọ tí ara rẹ̀ kò pé, tàbí ewu sí ìlera ìyá, ti ọpọlọ pẹ̀lú. Láàárín ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti kọ ẹ̀yìn sí i. Bíbélì ọwọ́ wọn kò yí padà láàárín àkókò náà o. Bí wọ́n ṣe ń kà á ló yí.

Ẹsẹ tí wọ́n fi ń jà kò pọ̀ rárá. Ẹni tó kọ̀ ọ́ á mú Sáàmù 139 wá, níbi tí Dáfídì ti ní Ọlọ́run ló bò òun mọ́lẹ̀ nínú ìyá òun, àti Jeremáyà 1:5, "Kí èmi tó dá ọ nínú ìyá rẹ, èmi ti mọ̀ ọ́." Ẹni tó ń wá ìyàtọ̀ láàárín ọlẹ̀ àti ènìyàn á mú Ẹ́kísódù 21:22 wá, níbi tí àwọn méjì ti ń jà tí wọ́n ṣe aboyún léṣe tí ọmọ fi jáde: owó ìtanràn ni, àfi bí ibi mìíràn bá tẹ̀ lé e, kó tó di ẹ̀mí fún ẹ̀mí. Ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ti kú ni, owó lásán ni wọ́n sì san, torí náà kò tó ènìyàn. Ẹgbẹ́ kejì ní ọmọ jáde láàyè ni. Ti àwọn ìjọ onípẹ́ńtíkọ́ọ̀sì, wọn kò ní Póòpù. Ohun tí pásítọ̀ bá wí ni, ohun tó sì máa ń wí ni rárá.

Nínú Ìsìláàmù ni mo ti rí i pé ará ilé wa máa ń ṣi ọ̀rọ̀ mú jù, láti apá méjèèjì. Kùránì 17:31 ní kí ẹnikẹ́ni má pa ọmọ rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù òṣì. Súrà 23, láti ẹsẹ 12 dé 14, ṣe àpèjúwe bí Ọlọ́run ṣe ń dá ènìyàn nínú ìyá: ìṣàn omi, ẹ̀jẹ̀ dídì, bááṣí ẹran, egungun, ẹran tó bo egungun, lẹ́yìn náà "ẹ̀dá mìíràn". Hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) kan tí Ibn Mas'ud gbà wá, tó wà nínú àkójọ Bukhari àti Muslim, ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ fi ṣírò pé ìgbà 40 ọjọ́ lọ́nà mẹ́ta ló ń kọjá kí mọ̀láíkà tó fẹ́ rúùhù, ìyẹn ẹ̀mí, sí ọmọ inú lára. Ìyẹn jẹ́ ọjọ́ 120. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan pé èèwọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn yọ ìgbà tí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu sílẹ̀. Ìyá ti wà láyé, wọ́n ní, kò yẹ kí wọ́n fi ohun tó dájú san ohun tí kò tíì dájú.

Kó tó pé ọjọ́ 120 ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú mádíhábì (ilé ẹ̀kọ́ òfin Ìsìláàmù) Hánáfì, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà á láyè bí ìdí bá wà. Imam Ghazali, ọmọ mádíhábì Ṣáfíì tó kú ní 1111, ní ìwà àìtọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí oyún bá ṣe ń dàgbà ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mádíhábì Máálíkì ló le jù: ọ̀pọ̀ wọn kọ̀ ọ́ láti ìgbà tí omi bá ti dúró sínú ilé ọmọ, kódà kó tó pé 40 ọjọ́. Máálíkì sì ni mádíhábì àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá. Torí náà, ọ̀dọ́ tó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé "Ìsìláàmù gbà á kó tó pé oṣù mẹ́rin" kò purọ́, ṣùgbọ́n mádíhábì tí àfáà rẹ̀ kò kọ́ ló ń sọ. Àfáà tó bá sì ní "kò sí onímọ̀ kankan tó gbà á rí" ti gbàgbé ìdajì àwọn ìwé ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mádíhábì nìkan kò pinnu òfin ìlú. Tunisia, ìlú Máálíkì bí tiwa, gbà á láyè fún ìyá ọlọ́mọ márùn-ún ní 1965, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀dọ̀ gbogbo obìnrin ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ní 1973.

Àwọn oníṣẹ̀ṣe kò ní ìgbìmọ̀ kan tó ń pàṣẹ fún gbogbo ayé, torí náà kò rọrùn láti ní "Ìṣẹ̀ṣe sọ báyìí." Ohun tó hàn ni pé ọmọ inú kì í ṣe ẹran lásán. Ọbàtálá ló ń mọ ara, Àjàlá ló ń mọ orí, Olódùmarè ló ń mí èémí sí i. Ẹni tó ń bọ̀ lè jẹ́ baba tó ti lọ, bí Babátúndé àti Yétúndé ṣe ń fi hàn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, wọn kì í sin aboyún tòun toyún. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe orò kí wọ́n sì ya méjèèjì kí wọ́n tó sìn ín. Ìyẹn fi hàn pé wọ́n ka ọmọ inú sí ẹnì kan lọ́tọ̀. Síbẹ̀ àdúrà àwọn àgbà fún aboyún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá: kó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Ìyá ló kọ́kọ́ wà nínú àdúrà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í fi ìwé mímọ́ kankan jiyàn. Àwọn ni ọ̀pọ̀ wa rò pé a mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Apá kan nínú wọn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́: ara obìnrin, obìnrin ló ni í, kò sì yẹ kí ìjọba fi agbára sọ ẹnikẹ́ni di ìyá. Apá kejì ń sọ̀rọ̀ ìlera. Wọ́n á ní òfin kò dá a dúró, ó kàn sọ ọ́ di ohun òkùnkùn ni. Ìwádìí kan tí àwọn Guttmacher Institute, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera kan ní Amẹ́ríkà, ṣe fojú bù ú pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2012 nìkan tó mílíọ̀nù kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, pẹ̀lú òfin ẹ̀wọ̀n ọdún 14 nílẹ̀. Ẹni tó bá fi òótọ́ inú kọ oyún ṣíṣẹ́ ní láti dá ọ̀rọ̀ yìí lóhùn, kò lè kàn yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àìgba Ọlọ́run gbọ́ kò túmọ̀ sí pé ènìyàn á fọwọ́ sí oyún ṣíṣẹ́. Ìjọba Kọ́múníìsì Soviet ló kọ́kọ́ tú òfin náà sílẹ̀ ní 1920. Stalin tún fòfin dè é ní 1936, wọ́n tún tú u ní 1955. Ní Romania ní 1966, Ceausescu, olórí ìlú náà tí kò bọ ohunkóhun, fòfin de oyún ṣíṣẹ́ nítorí ó fẹ́ kí iye ènìyàn ìlú pọ̀ sí i. Àìmọye obìnrin kú lọ́wọ́ àwọn aṣẹ́yún inú òkùnkùn, òfin náà kò sì kúrò nílẹ̀ títí tí ìjọba rẹ̀ fi ṣubú ní oṣù kejìlá 1989. Ní ọdún yẹn kan náà, Don Marquis, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé àríyànjiyàn kan jáde tí kò lo orúkọ Ọlọ́run rárá. Ó ní ohun tó mú kí pípa àgbàlagbà burú ni pé a gba gbogbo ọjọ́ iwájú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọlẹ̀ náà sì ní ọjọ́ iwájú irú tiwa. Ẹ lè gbà tàbí kí ẹ kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè pe ìyẹn ní ìwàásù.

Kí wá ni ìjà náà gan-an, bí kò bá ṣe ti ẹ̀sìn àti àìlẹ́sìn? Lójú tèmi, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n dà pọ̀. Ọ̀kan: ìgbà wo ni ohun tó wà nínú di ẹnì kan? Ìgbà tó dúró, ìgbà tí ọlẹ̀ sọ, ọjọ́ 120, ìgbà tó lè yè níta, ìgbà tó jáde? Èkejì: bí ìyá àti ọmọ kò bá lè yè pọ̀, tàbí bí ìyá bá máa yè ṣùgbọ́n tí ayé rẹ̀ máa dàrú, irú ìnira wo ló tó? Àwọn ẹgbẹ́ méjì méjì tí mo kà sókè, Hánáfì àti Máálíkì, tàbí Àgùdà àti Áńgílíkàn, orí ìbéèrè méjì yìí ni wọ́n ti yapa, tí gbogbo wọn sì ń kírun, tí wọ́n ń gbàdúrà.

Ìbéèrè kẹta ni ènìyàn kì í rí: bí nǹkan bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣé dandan ni kí ìjọba fi ẹ̀wọ̀n lé e? Panṣágà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní Aké àti ní Kóbítì, ṣùgbọ́n ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù kò ní ẹ̀wọ̀n fún un. Ìwé òfin 1999, abala 10, ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìlú; abala 38 fún kálukú ní òmìnira ẹ̀rí ọkàn. Torí náà, ẹ lè bá ìyá Àgùdà kan tí kò ní ṣẹ́yún láé, tí ó sì ní kí wọ́n má fi ọmọbìnrin ẹlòmíràn sẹ́wọ̀n. Ẹ sì lè bá aláìlẹ́sìn tó ní bí ó bá jẹ́ ẹ̀mí lóòótọ́, kí ìjọba dáàbò bò ó bó ṣe ń dáàbò bo gbogbo ẹ̀mí. Bí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè kìíní bá ń bá ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè kẹta jiyàn, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn níbẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Èkó rí èyí ní 2022. Ní òpin oṣù kẹfà, ilé iṣẹ́ ìlera wọn gbé ìlànà jáde fún àwọn dókítà nípa bí wọ́n ṣe lè ṣẹ́ oyún láìléwu níbi tí òfin Èkó ti gbà á tẹ́lẹ̀, ìyẹn láti gba ẹ̀mí ìyá là tàbí láti dáàbò bo ìlera ara rẹ̀. Ìlànà náà kò dá òfin tuntun. Ariwo sọ, àwọn olórí ẹ̀sìn, pàápàá àwọn Àgùdà, lòdì sí i, gómìnà Sanwo-Olu sì dá a dúró ní oṣù keje. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn ni pé "Èkó ti fọwọ́ sí oyún ṣíṣẹ́." Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kún un, torí pé ìwé ẹ̀sìn àti ìwé ẹ̀tọ́ kò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ní àdúgbò wa, ìtìjú àti owó ló sábà ń pinnu. Ìdílé tó ń pariwo pé oyún ṣíṣẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló tún máa sọ fún ọmọbìnrin tó lóyún nílé ìwé pé ó ti dójú ti àwọn, kó má wá sílé. Ìtìjú yẹn ń mú àwọn kan gbé oyún tí wọn kò fẹ́. Ìtìjú yẹn kan náà ló ń mú àwọn mìíràn gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Ọkùnrin tó fún un lóyún kì í sí nínú ìtìjú náà. Ẹ wo abala 229 dáadáa, kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kan wà tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí gbà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n. Títọ́jú obìnrin tí oyún ti bàjẹ́ sí lára kì í ṣe oyún ṣíṣẹ́, ì báà ṣe pé oyún náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni tàbí pé ẹnì kan ṣẹ́ ẹ. Abala 228 kò mú dókítà tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹ̀kọ́ Àgùdà kò ní kó má dá a dúró, kò sì sí mádíhábì kankan tó ní kó jẹ́ kó kú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí páàdì nǹkan oṣù méjì ń kún láàárín wákàtí kan, tí ibà gbóná mú un, tí omi olóòórùn ń jáde, tí inú ń run ún kíkankíkan tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀: ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, ti ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè, tàbí Lántòrò tó bá sún mọ́ wọn jù. Kí wọ́n sọ fún dókítà irú oògùn tàbí àgbo tó lò, iye tó lò, àti ìgbà tó lò ó, torí ìtọ́jú á yára bí dókítà bá mọ ohun tó ń bá jà.